Ta Ni Yóò Búra fún Boaz?

Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ ká jọ mọ̀ ọ́n: n kò fẹ́ràn Boaz Lánípẹ̀kun. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò máa pọ́n ọn lé fún yín, ẹ kọjá sí ilé kejì. Ràbíátù lorúkọ mi, obì ni mò ń tà ní Sábó, ní Ṣàgámù níbí, Ìyá Sàídì ni gbogbo ọjà ń pè mí. Láti kékeré ni mo ti ń ra obì lọ́wọ́ àgbẹ̀, mo sì ti kọ́ bí a ṣe ń fura. Kí n tó gba agbọ̀n obì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, màá tú ewé orí rẹ̀, màá ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá bínú sí i, kó gbé obì rẹ̀ lọ.

Ti Boaz yìí, n kò rí ìsàlẹ̀ tí mo lè ti ọwọ́ bọ̀ rárá.

Ìlíṣàn ni wọ́n bí i sí, nínú ìdílé ìjọ Sẹ́fẹ́ńtì-Déè, àwọn tó ń sinmi lọ́jọ́ Sátidé tí wọn kì í jẹ obì. Díákónì ni bàbá rẹ̀. Boaz ka Bíbélì láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó mọ̀ ọ́n débi pé òun ni wọ́n ní kó máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ tí wọ́n tọ́ báyìí, ta ni yóò rò pé yóò yà bàrá? Àfi ọ̀sán ọjọ́ kan tí gbogbo ilé jókòó ti oúnjẹ, bàbá rẹ̀ ní kó gbàdúrà, ó sì gbójú sókè ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. N kò gbà pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń gbọ́ wa. Ó ti pẹ́ tí n kò ti gbà mọ́.” Wọ́n ní bàbá náà kò nà án, kò sì bú u. Ó kàn gbé àwo tirẹ̀ lọ sí yàrá, ó sì ń dá jẹun títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Boaz kó wá sí Akaka, sórí ilẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ń gbin ẹ̀gẹ́, ìyàwó rẹ̀ ń dín gàrí. Ellen lorúkọ ìyàwó náà, òun kò fi ìjọ sílẹ̀. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, Boaz á gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, á wà á dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, á sọ ọ́ kalẹ̀, á yí orí kẹ̀kẹ́ padà, ó di oko. Jímọ̀ ń kọ́? Oko. Sọ́ńdè ń kọ́? Oko. Àwa mùsùlùmí ń fura sí i, onígbàgbọ́ ń fura sí i, àwọn tó ń bọ òrìṣà pàápàá ń fura sí i. Orúkọ tí wọ́n fún un ní abúlé ni Boaz Kòsọ́lọ́run, ó sì ń jẹ́ ẹ!

Ẹ kí i láàárọ̀ ná. “Boaz, ṣé dáadáa lo jí?” Ohun tí ọmọ èèyàn ń dáhùn ni pé a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Boaz á ní, “Mo jí dáadáa, ẹ ṣeun.” Ó parí. Níbi ìkómọ, gbogbo èèyàn á máa ṣe àmín, òun á gbọ́wọ́ lé orúnkún, á máa wo ọmọ tuntun náà bíi pé ọmọ náà fẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

Lọ́dún kan, ìjì ṣí páànù ilé rẹ̀. Àwọn tó lọ bá a kàn án padà ò lọ lásán, ẹ máa gbọ́. Wọ́n fojú wá abẹ́ àjà, wọ́n wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n wo abẹ́ ibùsùn. Ó ti dá wọn lójú pé inú ẹgbẹ́ òkùnkùn ló wà. Wọn kò rí ońdè, wọn kò rí ẹ̀jẹ̀, wọn kò rí pupa, wọn kò rí funfun. Àfi Bíbélì Ellen lórí tábìlì. Èyí gan-an ló wá já wọn láyà jù. Ẹni tó so ońdè mọ́ ẹnu ọ̀nà, a mọ̀ pé ẹ̀rù nǹkan kan ń bà á. Ẹni tí kò so nǹkan kan ń kọ́? Kí la fẹ́ fi mú un?

Gbogbo èyí ìbá má kàn mí. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi Ọmọ́yẹni ló sọ mí lu ọkùnrin yìí.

Akaka ni Ọmọ́yẹni lọ́kọ sí. Ṣóbọ̀wálé lorúkọ ọkọ rẹ̀, onígbàgbọ́ ni, ọkùnrin jẹ́jẹ́, oko obì gbànja ló fi ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ. Lọ́dún 1994 tí àwọn òṣìṣẹ́ epo da iṣẹ́ sílẹ̀, tí ọkọ̀ wọ́n lójú títì bí ẹyẹ ọ̀kín, àìsàn ta Ṣóbọ̀wálé lulẹ̀, ó sì kú. A kò tíì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ lọ́rùn nígbà tí Ọládayọ̀, ọmọ bàbá rẹ̀, dé tó ní ohun tí gbogbo wa ń pè ní ààlà kì í ṣe ààlà. Pèrègún tí bàbá wọn gbìn sápá odò ni àwa mọ̀ ní ààlà. Ọládayọ̀ ní ó tì o, kùkùté ìrókò tó wà láàárín oko ni ààlà, ohunkóhun tó bá ti rékọjá kùkùté náà, tòun ni. Bí wọ́n bá gbà fún un, eruku ló kù fún àbúrò mi. Yóò kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá bá mi nínú yàrá kan ṣoṣo tí mò ń gbé ní Sábó, kí ni a ó sì jọ máa jẹ?

Ní ọ̀dọ̀ wa, bí ìjà ààlà bá dé, alábàápààlà ni wọ́n ń ké sí, ìyẹn ẹni tí oko tirẹ̀ fi ẹ̀gbẹ́ kan oko àwọn méjèèjì. Wọn á gbé tábìlì kalẹ̀ níwájú Olórí ẹbí, wọn á kó Kùránì, Bíbélì àti àdá sórí rẹ̀. Ẹlẹ́rìí á mú èyí tó jẹ́ tirẹ̀, á fi búra, ká tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Alábàápààlà kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù láyé fún oko Ṣóbọ̀wálé, ta ni? Boaz ni. Ẹ gbà mí o! Nínú gbogbo èèyàn tí Ọlọ́run dá, ẹni tí kò gbà pé Ọlọ́run dá òun ni ẹnu rẹ̀ máa gba oko fún wa.

Nígbà tó ku ọ̀la tí ẹbí máa jókòó, mo gun ọ̀kadà lọ sí Akaka láti lọ rí i. A kò tíì dé ilé rẹ̀ tí mo rí Ọládayọ̀ tó ń jáde níbẹ̀, kẹ́ẹ̀gì ẹmu lọ́wọ́, ẹ̀rín ń pa á. Ọ̀kadà náà kò tíì dúró tán tí mo ti fò sílẹ̀.

Boaz wà lábẹ́ àtíbàbà ìdíngàrí, ó ń to igi ìdáná. Ellen jókòó ti agbada, ó ń ro gàrí.

“Kí ni Ọládayọ̀ wá ṣe níbí?” N kò tilẹ̀ kí wọn.

“Ẹ káàbọ̀, Ìyá Sàídì. Ẹmu ló gbé wá.”

“O mu ún?”

“Mo mu ife kan, òùngbẹ ń gbẹ mí. Mo ní kó gbé ìyókù lọ.”

“Haà! Ó ti rà ọ́ nìyẹn!”

“Ife ẹmu kan? Owó mi ò wá kéré tó bẹ́ẹ̀, ma.” Ellen bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn agbada. Èmi ò rí nǹkan tó pa á lẹ́rìn-ín.

“Kí lo fẹ́ sọ lọ́la?”

“Ohun tí mo bá mọ̀. Ọládayọ̀ bi mí bẹ́ẹ̀ náà, mo ní kó dúró di ọ̀la kó gbọ́. Kò ní í dáa kí n sọ fún ẹnì kan kí n má sọ fún ẹnì kejì.”

Ṣé ẹ rí èèyàn báyìí? Mo fà gèlè mi le, mo jókòó lórí àpótí tí kò fi lọ̀ mí. Mo ní, “Boaz, jẹ́ kí n bi ọ́. Èmi, bí mo bá fẹ́ ṣe aburú, mo mọ̀ pé ọjọ́ ìdájọ́ wà. Ìwọ, kí ló mú ọ dání? Kí ni kò ní í jẹ́ kí o parọ́, kí o jalè, kí o gba ẹmu Ọládayọ̀ kí o sì ta àbúrò mi?”

Ó gbé igi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Ìyá Sàídì, bí wọ́n bá sọ fún yín láàárọ̀ ọ̀la pé kò sí iná ọ̀run mọ́, ta lẹ máa kọ́kọ́ jà lólè?”

“A-ù-súbílà! Èmi kẹ̀? Kí ni mo fẹ́ ja èèyàn lólè fún?”

“Ohun tó jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀ báyẹn, òun náà ló mú èmi dání.”

“Rárá o. Ọlọ́run ló fi sí mi lára.”

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lójú tiyín. Ṣùgbọ́n ó wà lára tèmi náà.”

Ìyẹn tún bí mi nínú. Mo ní, “Bí o bá kú ń kọ́?”

“Mo kú nìyẹn. Wọ́n á sin mí, ilẹ̀ á jẹ mí.”

“Asitagafurulai! Kí lo wá ń gbé ilé ayé ṣe nígbà náà?”

Ó kọ́kọ́ wo Ellen. “Èmi àti obìnrin yìí ń gbé e. Igi tí mò ń tò yìí, bí n kò bá tò ó, òun ló máa tò ó, ẹ̀yìn sì ń dùn ún. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ma. Ẹ̀yin gbà pé bí wọ́n bá fìyà jẹ Ọmọ́yẹni láyé, Ọlọ́run á ṣe é lóore lọ́run. Èmi ò rí ọ̀run kankan. Lójú tèmi, ìgbà kan ṣoṣo tó ní nìyí. Bí mo bá fi irọ́ bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sí ibòmíì tí wọn yóò ti dá a padà fún un. Ẹ̀rù ìyẹn ń bà mí.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, n kò ní í sẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ lu èèyàn ní jìbìtì kì í ha sọ̀rọ̀ dídùn? Mo ní, “Ó dáa, mo ti gbọ́. Bí o bá dé ibẹ̀ lọ́la, di Bíbélì mú, kí o búra.”

“N kò ní í lè búra, ma.”

“Kí lo wí? Ṣebí ìwé lásán ni lójú rẹ! Gbé e dání, kí o sọ ohun tí wọ́n bá ní kí o sọ. Kí ni yóò já lára rẹ?”

“Bí mo bá gbé e dání, mò ń sọ fún wọn pé ẹnì kan wà lókè tí mò ń bẹ̀rù. Irọ́ nìyẹn. Ṣé irọ́ lẹ fẹ́ kí n kọ́kọ́ pa kí n tó sọ òótọ́?”

Mo pòṣé, mo dìde. Ellen ní kí n gba gàrí díẹ̀ lọ sílé, mo ní kó dá a dúró. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ni mo gbà lọ, mo ní wọ́n ti ra ẹlẹ́rìí wa, kó yáa máa di ẹrù rẹ̀. Ọmọ́yẹni mi orí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí ọkọ mi, Bàbá Fikáyọ̀, wà lórí àìsàn, àwọn èèyàn ṣọ́ọ̀ṣì wá gbàdúrà, àwọn èèyàn yín náà wá ṣe àdúà. Wọ́n ṣe é dáadáa, wọ́n sì lọ. Boaz ló ń wá fi omi wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fọ aṣọ tó bá yàgbẹ́ sí. Mi ò bẹ̀ ẹ́.”

“Ó ń wá nǹkan ni!”

“Kí ló ń wá, ẹ̀gbọ́n mi?”

N kò mọ̀. Mo kàn mọ̀ pé èèyàn kì í fọ ìgbẹ́ ẹlòmíì lásán.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ẹbí péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Olórí ẹbí, bàbá arúgbó kan tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ ṣì mú ṣáṣá. Ọládayọ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ó gbá Bíbélì mú bí ẹni gbá ọmọ rẹ̀ mú. Ó ní bí kùkùté ìrókò kò bá ṣe ààlà, kí òun má rí ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ́yẹni búra tirẹ̀ pé pèrègún ni. Wọ́n pe Boaz.

Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà, ó dìde, kò sì fọwọ́ kan nǹkan kan lórí tábìlì.

“Mú èyí tó bá wù ọ́,” ni Olórí ẹbí wí.

“Ẹ foríjì mí, Bàbá. N kò gba ọ̀kankan nínú wọn gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

Ariwo sọ! Wọ́n ní kí wọ́n lé e jáde. Wọ́n ní kèfèrí ni, wọ́n ní ẹranko sàn jù ú lọ. Ọládayọ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín àná yẹn gan-an, mo sì sọ lọ́kàn mi pé, ohun tí wọ́n jọ dì nìyí! Kó wá, kó kọ̀ láti búra, kí wọ́n da ọ̀rọ̀ rẹ̀ nù, kí Ọládayọ̀ gba oko. Bàbá náà gbọ́wọ́ sókè, ó ní kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ná.

Boaz ní, “Pèrègún ni ààlà. Ìṣojú mi ni bàbá wọn ṣe gbìn ín. Kùkùté ìrókò kì í ṣe ààlà rí.”

Mo fò sókè! Mo ti ń yin Ọlọ́run lógo kó tó ní, “Ó ku ọ̀kan. Àwọn igi gbànja etí odò, òdìkejì pèrègún ni wọ́n wà. Ilẹ̀ Ọládayọ̀ nibẹ̀. Ṣóbọ̀wálé ló gbin igi náà, ṣùgbọ́n ó gbìn wọ́n kọjá ààlà. Mo sọ fún un lọ́jọ́ náà. Ó ní ọmọ bàbá kan náà làwọn.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, igi etí odò yẹn! Kò sí igi tó ń so tó wọn nínú oko náà, ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn obì ńláńlá tí àwọn Gàmbàrí ń wá bá mi rà ti ń wá. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ wọn. Ọládayọ̀ fúnra rẹ̀ kò dárúkọ wọn lọ́tọ̀.

Mo kígbe mọ́ ọn, “Ta ló bi ọ́? Ta ló bi ọ́ léèrè igi, ìwọ aláìníláárí yìí?”

“Wọ́n ní kí n sọ ibi tí ààlà wà, ma.”

Olórí ẹbí ní, “Ẹni méjì ti búra. Èyí kò búra. N kò lè gbé ọ̀rọ̀ tí kò ní ìbúra lé orí èyí tó ní. Bí ẹnì kan bá wà tó lè búra fún un, màá gbà á. Bí kò bá sí, ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí inú ẹbí ni mo máa tẹ̀ lé, kùkùté ni ààlà.”

Ellen dìde. Bàbá ní kó jókòó, ìyàwó kì í búra fún ọkọ. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Ẹni tí ó ti jẹ gàrí rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tí Boaz ti bá ro oko lọ́fẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀. Kálukú ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

“Ìyá Sàídì,” ni bàbá náà wí, “ìwọ àti àbúrò rẹ lẹ ké sí i wá.”

Ẹ̀rù bà mí. N kò fi Kùránì búra rí láyé mi, kódà lórí obì. Àbúrò mi ń wò mí, omi dúró lójú rẹ̀. Mo wo Boaz. Bí Ọládayọ̀ bá ti rà á, ì bá sọ pé kùkùté ni. Bó bá jẹ́ pé tiwa ló ń ṣe, ì bá gbé ẹnu kúrò lórí igi etí odò. Ta ló wá rà á? Mo wá a, mo wá a, n kò rí ẹni tó rà á.

Boaz sún mọ́ mi díẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ìyá Sàídì, bí kò bá dá yín lójú, ẹ má búra. Mo mọ ohun tí ìbúra jẹ́ lójú yín.”

Láìláà! Ẹni tí kò gbà á gbọ́ ló ń ṣọ́ ọ fún mi.

Mo ní kí wọ́n bu omi wá. Mo ṣe àlùwàlá níbẹ̀, lójú gbogbo wọn, mo gbé Kùránì. Mo ní mo fi Ọlọ́run búra pé n kò mọ Boaz sí òpùrọ́. Olórí ẹbí ní ìyẹn kò tó, kí n sọ pé òótọ́ ni ohun tó sọ, gbogbo rẹ̀. Gbogbo rẹ̀! Ìyẹn ni pé kí n fi ẹnu ara mi gba igi etí odò lọ́wọ́ àbúrò mi. Mo pa ojú dé, mo sọ ọ́.

Wọ́n dá pèrègún sí ààlà. Ọmọ́yẹni gba oko rẹ̀, Ọládayọ̀ gba igi etí odò, ó sì jáde láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Àbúrò mi ń sunkún, n kò mọ èyí tó jẹ́ ti ayọ̀ nínú rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ti igi.

Èmi sá tẹ̀ lé Boaz. Mo bá a níbi tí ó ti ń gbé Ellen sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, mo di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà mú gírígírí. Mo ní, “Boaz, mo ti fi ọ̀run mi lélẹ̀ fún ọ. Ṣé òótọ́ lo sọ?”

Ó wò mí. “Òótọ́ ni mo sọ, ma.”

Kò gbé nǹkan kan dání, kò ṣépè, kò tọ́ka sókè. Mo dúró, mo ń retí kí ọkàn mi sọ pé irọ́ ni, bó ṣe máa ń sọ fún mi. Kò sọ nǹkan kan. Mo gbà á gbọ́, ó sì dùn mí wọ egungun pé mo gbà á gbọ́. Mo tú ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ.